Omi Ọsàn Wẹ́wẹ́ Nínú Ọkọ̀ Funfun

"Sàídátù, kí ni mo ní omi ọsàn wẹ́wẹ́ kò gbọdọ̀ bá pàdé?"

"Bílíìṣì ni, Bàbá."

"Tún un wí."

"Háà, Bàbá! Omi ọsàn wẹ́wẹ́ kò gbọdọ̀ bá bílíìṣì pàdé. Ẹ ti sọ ọ́ títí ó fi sú mi."

Bùsàrí rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà di ikọ́ mọ́ ọn lọ́nà ọ̀fun. Ó tẹ̀ síwájú, ó di igi dóńgóyárò mú títí mímí rẹ̀ fi padà bọ̀ sípò. Ikọ́ fée ti ń ṣe é láti kékeré, ìgbà ọyẹ́ ló sì máa ń le jù. Oṣù Kejìlá ọdún 1987 ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ọyẹ́ ọdún náà kò dára rárá. Eruku pupa ń fẹ́ wá láti gbogbo ibi tí katakata ti ń la ọ̀nà tuntun ní Àbújá, oòrùn ràn bí ẹni tí ara rẹ̀ kò dá, bẹ́ẹ̀ ni ojú gbogbo èèyàn pọ́n.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Bùsàrí. Abẹ́ igi dóńgóyárò kan ní Wuse ló ti ń fọ ọkọ̀, tó sì ń dán an, ṣùgbọ́n Karmo ni òun àti ọmọ rẹ̀ ń gbé. Sàídátù jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó sì wà ní kíláàsì kẹrin. Ìyá rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Kò sí ẹlòmíràn nínú ilé náà. Bàbá yìí nìkan ló kù tí ọmọ náà ní láyé, ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn ná.

Omi ọsàn wẹ́wẹ́ ló sọ Bùsàrí di ẹni tí àwọn awakọ̀ ọ̀gá-ọ̀gá Maitama ń wá kiri. Yóò fún ọsàn náà sínú abọ́, yóò sẹ́ ẹ, yóò fi omi là á, yóò wá fi aṣọ tó rọ̀ nu ìpẹtà ara bọ́ńpà. Ó fi ń nu ojú gíláàsì tí omi ti gbẹ mọ́, ó sì fi ń ṣí nǹkan funfun tó máa ń hù sórí bátìrì. Tíṣà kẹ́mísírì Sàídátù ti sọ fún wọn nílé ìwé pé ásíìdì ni omi ọsàn, ṣùgbọ́n ásíìdì tí kò le ni, kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tó wà nínú bátìrì, tó ń jó aṣọ tó sì ń bó ẹran ara. Síbẹ̀, Bùsàrí kì í fojú di í. Bó bá ti fi nu nǹkan, kíá ni yóò da omi lásán sí i, kí ó má bàa jẹ ọ̀dà ọkọ̀. Kì í lò ó nínú oòrùn gangan. Bó bá sì ní egbò lọ́wọ́, yóò fi ọ̀rá di ọwọ́ náà.

Ó tún ní àṣà kan tí àwọn awakọ̀ fi máa ń ṣe é ní yẹ̀yẹ́. Bó bá fọ ọkọ̀ tán, kò ní í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e lọ àyàfi bí òun bá kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀. Ẹ̀yìn, níbi tí ọ̀gá máa ń jókòó sí, ni yóò jókòó sí. Yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ra, yóò dijú, yóò wá fa èémí sínú gidi, lẹ́ẹ̀mẹta. Bí òórùn ibẹ̀ kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà lákọ̀tun. "Ojú lè ṣì í rí," ni yóò wí, "ṣùgbọ́n imú mi kì í tàn mí."

Ní ọjọ́ Ẹtì tí mò ń sọ yìí, Pijó funfun kan wà lábẹ́ igi. Alhaji Jàbárù tó ń gbé ní Maitama ló ni ín. Ọmọ rẹ̀ ti da sobo, ohun mímu pupa nì, sórí àga ẹ̀yìn, àga náà sì funfun báláú. Ọbayẹmí, awakọ̀ rẹ̀, ọmọ Kàbà, gbé e wá láàárọ̀, ó ní aago mẹ́ta ni òun máa padà wá gbé e, torí Alhaji ń lọ sí ìgbéyàwó n'Ílọrin.

Bùsàrí ti fọ ìta ọkọ̀ náà. Inú rẹ̀ ló kù. Eruku tó wà nínú kápẹ́ẹ̀tì kò bá àyà rẹ̀ mu, ìrun Jímọ̀ sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ló bá fa iṣẹ́ náà lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Fi omi ọsàn nù ún, kí o fi omi lásán ṣàn án. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni o máa ṣe é. Má kánjú. Bí o bá parí, ti gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí eruku ọyẹ́ yìí má bàa lẹ̀ mọ́ àga tútù."

"Mo ti gbọ́, Bàbá."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Gbígbọ́ kọ́ ni ìṣòro ọmọ aráyé.

Ó ti nu àga náà lẹ́ẹ̀kan, àbàwọ́n pupa náà sì ti ń ṣí díẹ̀díẹ̀, nígbà tí Fèyí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé ìwé, yọ sí i. Fèyí ti wọ gáùn tuntun, ó ti kun àtíkè dé ọrùn.

"Ìwọ ọmọ yìí, o ò tíì múra? Aago méjì ni bọ́ọ̀sì ń lọ sí Kubwa o! Gbogbo kíláàsì ló ń lọ síbi ọjọ́ ìbí Bámiṣayọ̀, ìwọ nìkan lo wá jókòó ti garawa."

"Ó ku ẹ̀ẹ̀mejì tí mo máa nù ún."

"Ẹ̀ẹ̀mejì kẹ̀? Ẹ̀yin ará Ìsẹ́yìn àti sùúrù! Dúró, mò ń bọ̀."

Kò pẹ́ tó fi padà dé. Àǹtí rẹ̀ tó ń fọ aṣọ fún òtẹ́ẹ̀lì kò jìnnà síbẹ̀. Ìgò bílíìṣì ló gbé lọ́wọ́, ó kún ju ìdajì lọ.

Sàídátù na ọwọ́ dá a dúró. "Háà, Fèyí, rárá o. Bàbá ní kò gbọdọ̀ bá omi ọsàn pàdé."

"Kí ló dé? Ṣé wọ́n bá ara wọn jà ni?" Fèyí rẹ́rìn-ín. "Gbọ́ ná. Ọsàn wẹ́wẹ́, ṣé a kì í mu ún bí ọ̀fun bá ń dùn wá? Bílíìṣì ńkọ́? Ọwọ́ lásán ni àǹtí mi ń kì bọ inú rẹ̀ lójoojúmọ́. Èwo ló ti pa èèyàn nínú méjèèjì? Àwọn àgbà kàn fẹ́ràn èèwọ̀ ni. Àbí kí n lọ sọ fún wọn ní Kubwa pé ẹ̀rù bàbá rẹ ń bà ọ́?"

Ẹ wá wò ó, ọ̀rọ̀ yìí bọ́gbọ́n mu létí ọmọdé. Ohun méjì tí kò pa èèyàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, báwo ni wọ́n ṣe máa pa á bí wọ́n bá pàdé? Sàídátù wo oòrùn, ó wo àga, ó tún wo gáùn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àgùntàn tó bá bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Ó gba ìgò náà.

Àga ṣì tutù fún omi ọsàn. Ó da bílíìṣì lé e lórí gbùà, ó rin dé inú kápẹ́ẹ̀tì. Abọ́ omi ọsàn tó wà nílẹ̀ ọkọ̀ náà dànù nígbà tó ń fà sẹ́yìn, òun náà sì ṣàn lọ bá a. Lójú ẹsẹ̀ ni òórùn kan sọ. Kì í ṣe òórùn ọsàn, kì í sì ṣe ti bílíìṣì. Ó ta á nímú bí ata tí wọ́n da sínú iná. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ fún, ikọ́ sì bẹ̀rẹ̀.

"Ọyẹ́ ni," Fèyí wí, òun náà ń húkọ́. "Ti ilẹ̀kùn jàre. Kó tó gbẹ, á ti funfun bí òwú."

Sàídátù ti ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ti fèrèsé, gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ti wí. Nínú gbogbo ohun tí bàbá rẹ̀ wí lọ́jọ́ náà, èyí nìkan ló ṣe bó ṣe yẹ, èyí nìkan gan-an ni kò sì yẹ kó ṣe. Fèyí ju ìgò òfìfo sínú gọ́tà. Àwọn méjèèjì mú ọ̀nà ibùdókọ̀ pọ̀n.

Bọ́ọ̀sì Kubwa kò tíì kún. Wọ́n jókòó sẹ́yìn, Fèyí ń sọ̀rọ̀ lọ ràì. Ọ̀fun Sàídátù ṣì ń ta á. Ó ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́ pé Ọbayẹmí ló máa kọ́kọ́ dé, pé yóò ṣí fèrèsé, pé òórùn náà yóò sì fẹ́ lọ. Ìgbà náà ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lójú ọ̀nà pẹ̀lú bùbá funfun àti bútà lọ́wọ́. Mọ́ṣáláṣí ti túká. Ó rántí àṣà bàbá rẹ̀. Bàbá ti ń lọ sídìí ọkọ̀. Bàbá yóò wọlé, yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ra, yóò dijú, yóò sì fa èémí sínú lẹ́ẹ̀mẹta.

"Fèyí, mò ń sọ̀ kalẹ̀."

"Jókòó jàre! Ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra."

Fèyí di í lápá mú. Ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta ni Sàídátù fi jókòó bẹ́ẹ̀, ó ń tijú, ó ń bẹ̀rù, kò lè pinnu. Títí di òní, ìṣẹ́jú mẹ́ta yìí ló ń dùn ún jù. Lẹ́yìn náà ló já ọwọ́ rẹ̀ gbà, ó fò sílẹ̀, ó sì sáré bí ẹni tí iná ń lé.

Kó tó dé igi dóńgóyárò ló ti gbọ́ ariwo Ọbayẹmí. "Kai! Ẹ gbà mí o! Bàbá Sàídátù! Bàbá Sàídátù!" Awakọ̀ náà ti tètè dé, òun ló sì wọ́ Bùsàrí jáde kúrò nínú ọkọ̀. Bùsàrí nà gbalaja sórí eruku, ètè rẹ̀ ti dúdú, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò, afẹ́fẹ́ kò wọlé. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere. Ó rí ọmọ rẹ̀.

"Kí ni ẹ fi fọ ọkọ̀ yìí?" Ọbayẹmí kígbe.

Ẹnu Sàídátù ṣí fúnra rẹ̀. "Ọṣẹ àti omi ni, Bọ̀dá. Ọṣẹ àti omi nìkan."

Irọ́ kì í pẹ́ jáde rárá. Sísọ òtítọ́ ló máa ń gba àkókò.

Wọ́n gbé Bùsàrí lọ sí ọsibítù nínú ọkọ̀ náà gan-an, gbogbo fèrèsé ṣí sílẹ̀ gbayawu. Dókítà tó gbà wọ́n, obìnrin kan tó ń jẹ́ Ẹfúnróyè, gún un lábẹ́rẹ́, ó sì fi rọ́bà atẹ́gùn sí i nímú. Nígbà tó gbọ́ pé ikọ́ fée ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ó mi orí.

"Ọmọ, ṣé wọ́n fa nǹkan kan símú lónìí?"

"Eruku ni, mà. Eruku ọyẹ́ ni."

"Ọyẹ́ ọdún yìí kò ṣeé fẹnu sọ. Àwọn oníkọ́ fée mẹ́fà ni mo ti rí láti àárọ̀."

Kó tó di ìrun Àlàásárì, mímí Bùsàrí ti ń lọ geerege. Ó dìde jókòó, ó bi wọ́n léèrè pé ṣé Alhaji ti rí ọkọ̀ rẹ̀ gbà. Ọbayẹmí dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Dókítà ní kí wọ́n máa lọ sílé, kí bàbá lo oògùn, kó sì sinmi. Gbogbo rẹ̀ ti parí, ẹ ò rí i? Kò sẹ́ni tó mọ̀, kò sí ẹni tó máa mọ̀.

Fèyí wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá náà, àtíkè rẹ̀ ti ya pẹ̀lú òógùn. Òun náà kò lọ sí Kubwa mọ́, ó ti tọ̀ wọ́n wá sí ọsibítù. "Ara wọn ti yá," ó sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Sàídá, jọ̀ọ́, má dárúkọ mi o. Àǹtí mi á lé mi jáde."

Sàídátù yíjú kúrò. Ó ń di àwọn oògùn sínú ọ̀rá. Bàbá rẹ̀ wọ bàtà rẹ̀, ó dìde, ó húkọ́, ó sì fi ọwọ́ nu ẹnu.

"Ó yà mí lẹ́nu," Bùsàrí wí, ohùn rẹ̀ ha. "Ikọ́ fée mi kì í ṣe báyìí. Ó máa ń fún mi láyà ni. Èyí ń jó mi, àfi bíi pé mo gbé iná mì."

Ó gbọ́ ọ. Ọmọ náà gbọ́ ọ, ó sì mọ ohun tó túmọ̀ sí, torí ọ̀fun tirẹ̀ náà ń jó. Karmo ni wọ́n ń lọ. Bí ilẹ̀ bá ṣú, kò sí ọkọ̀ ní Karmo, kò sí dókítà, kò sí fóònù. Òun nìkan ni yóò wà nínú yàrá náà pẹ̀lú bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òun bá jẹ́wọ́ ńkọ́? Bàbá á mọ̀ pé òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Dókítà á pè é ní òpùrọ́. Alhaji á gbọ́. Gbogbo Wuse á gbọ́. Ara Bàbá sì ti yá, àbí kò tíì yá?

Wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà àbájáde. Bùsàrí ti na ọwọ́ sí takisí kan.

"Bàbá, ẹ dúró." Ó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ ọkọ̀ yẹn. Mo purọ́. Bílíìṣì ni. Mo da bílíìṣì lé omi ọsàn."

Bùsàrí wò ó. Ojú tó fi wo ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìyẹn ju ẹgba ogún lọ. Sàídátù kò dúró gba ìdáhùn, ó sáré padà sínú, ó sì bá Dókítà Ẹfúnróyè níbi tó ti fẹ́ bọ́ aṣọ iṣẹ́.

"Tún un sọ," ni dókítà wí. Ó sọ ọ́ lákọ̀tun, láti orí ìgò dé orí fèrèsé tó tì. Ojú dókítà yí padà.

"Gáàsì kiloríìnì ni wọ́n bí, májèlé ni! Nínú ọkọ̀ tí wọ́n tì pa! Ọmọ, ṣé o mọ̀ pé gáàsì yìí lè tan èèyàn jẹ? Ara aláìsàn á yá, á jẹun, á sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, omi á wá kún inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lójijì. Nọ́ọ̀sì! Ẹ dá bàbá yẹn padà, kíákíá!"

Kò tíì tó àkókò ìrun Mọ̀gàríbì tí ohun tí dókítà sọ fi ṣẹlẹ̀. Ìfòófó tó ní ẹ̀jẹ̀ nínú bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu Bùsàrí, mímí rẹ̀ sì ń dún bí ìkòkò tó ń hó. Ṣùgbọ́n orí bẹ́ẹ̀dì ló wà, atẹ́gùn wà nímú rẹ̀, dókítà méjì sì dúró tì í. Ká ní Karmo ni wọ́n wà ni, ì bá ti kú. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọn kò fi mọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí, Sàídátù kò kúrò lórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ní ọjọ́ kẹrin, bàbá rẹ̀ béèrè fún omi mímu.

"Bàbá, ẹ dárí jì mí," ó wí, ó wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Èmi ti dárí jì ọ́." Ọ̀rọ̀ náà ń jáde ní kọ̀ọ̀kan. "Àìgbọ́ràn rẹ ló gbé mi dé ibí yìí. Ẹnu rẹ ló sì fà mí padà. Jẹ́ kí n sinmi."

Ó padà sílé lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá, ṣùgbọ́n kì í ṣe Bùsàrí àtijọ́. Kò lè gun òkè kékeré láìdúró sinmi mọ́. Dókítà ní kò gbọdọ̀ sún mọ́ eruku tàbí òórùn líle kankan mọ́ láyé, bí iṣẹ́ ogún ọdún ṣe lọ nìyẹn. Ibi tí àwọn nǹkan méjì náà ti pàdé lórí àga Alhaji Jàbárù pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kò sì ṣeé tún ṣe. Àwọn awakọ̀ Maitama wá ibòmíràn lọ. Bùsàrí ń ṣọ́ ilé ìtajà kan ní Wuse báyìí, orí àga ló máa ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́.

Nígbà tí ilé ìwé wọlé, Sàídátù lọ bá tíṣà kẹ́mísírì fúnra rẹ̀, ó ní òun fẹ́ bá kíláàsì sọ̀rọ̀. Ó dúró síwájú wọn. Ó sọ ọ́ fún wọn pé nǹkan tí kò léwu lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lè di májèlé bí a bá pò ó pọ̀, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ po bílíìṣì mọ́ omi ọsàn tàbí ásíìdì yòówù kó jẹ́, bó ti wù kó rọ̀ tó. Ó sọ bó ṣe purọ́, tó sì jókòó ti irọ́ náà ní gbogbo ọ̀sán, nígbà tí májèlé ń ṣiṣẹ́ nínú bàbá rẹ̀. Kò fi ọ̀kan pamọ́ nínú ohun tí ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

"Ta ló gbé bílíìṣì wá fún ọ?" tíṣà béèrè.

"Èmi ni mo dà á, sà."

"Mo ní ta ló gbé e wá?"

Sàídátù wo ilẹ̀. "Èmi ni mo dà á, sà," ó tún wí.

Lẹ́yìn náà ni bẹ́ńṣì kan dún lẹ́yìn. Fèyí ti dìde dúró, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀.

"Èmi ni, sà," ó wí. "Èmi ni mo gbé e wá. Èmi ni mo ní kí ó dà á."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìkìlọ̀ àgbà kì í fìgbà gbogbo sọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó kìlọ̀ ti rí ohun tó bà á lẹ́rù. Bí ẹsẹ̀ yín bá sì ti yọ̀, ẹ má ṣe jókòó ti irọ́. Ẹ tètè sọ òtítọ́ nígbà tó ṣì lè gba ẹnì kan là, torí àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.